Bí Adití Ṣe Lè Fi Gbogbo Ara Gbọ́ Orin: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Lu Ìlù

Èdè Yorùbá ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí. Kò sí Yorùbá tó ń sọ pé òun "rí" òórùn ọbẹ̀. A máa ń ní a gbọ́ òórùn. A gbọ́ èdè, a gbọ́ràn sí bàbá lẹ́nu, a gbọ́ òórùn ẹja tó ń jó lórí iná. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé adití kò lè gbọ́ orin, mo mọ̀ pé etí nìkan ló ń rò.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í di. Nígbà tí mo fi pé mẹ́tàlélógún, bí ẹ bá dúró sẹ́yìn mi tí ẹ ń pè mí, ẹ ó pè mí títí. Ìlù ni mo ń lù kó tó ṣẹlẹ̀, ìlù náà ni mo ṣì ń lù. Ọ̀nà tí mo gbà ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, pẹ̀lú ohun tí mo rí lára àwọn tí mo kọ́. Kò gba owó púpọ̀. Ó gba sùúrù, ó sì gba kí ẹ bọ́ bàtà.

Kí lara ń gbọ́ gan-an?

Ìró ò ju pé kí nǹkan máa gbọ̀n lọ. Bí kọ̀ǹgọ́ bá ba awọ ìlù, awọ á máa lọ á máa bọ̀, afẹ́fẹ́ á bá a gbọ̀n, etí á sì gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbọ̀n. Igi ìlù ń gbọ̀n, okùn tó gbé e kọ́ èjìká ń gbọ̀n, pákó tí onílù dúró lé lórí náà ń gbọ̀n. Iye ìgbà tí nǹkan gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń fi Hz kà. Etí tó pé ń gbọ́ láti nǹkan bíi 20 Hz títí dé 20,000 Hz. Awọ ara kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bíi 1,000 Hz ni agbára rẹ̀ ń tán, ibi tó sì ti mú jù ni àyíká 250 Hz.

Ẹ wò ó lórí dùùrù. Kọ́kọ́rọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá jẹ́ 27.5 Hz, ti òkè pátápátá jẹ́ 4,186 Hz, dò àárín, èyí tí wọ́n ń pè ní middle C, sì jẹ́ nǹkan bíi 262 Hz. Ìyẹn ni pé àárín dùùrù gan-an ni awọ ara ti mú jù. Bí ẹ bá ti gòkè kọjá ibẹ̀ dáadáa, ohùn á máa pòórá, kìkì pé ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ni ẹ ó máa mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún adití tó ń bẹ̀rẹ̀ pé kó fi fàólìnì àti fèrè sílẹ̀ ná, kó wá sídìí ìlù, jìtá béèsì àti dùùrù ọwọ́ òsì. Ẹlòmíràn lè má gbà fún mi. Ohun tí mo rí ni mo sọ.

Ọpọlọ náà kò jókòó tẹtẹrẹ. Ní 2001, Dean Shibata ti Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà fi àwòrán ọpọlọ hàn pé nígbà tí nǹkan bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ àwọn adití, apá ibi tí àwọn yòókù fi ń gbọ́ ìró náà máa ń ṣiṣẹ́. Yàrá yẹn ò ṣófo. Ọwọ́ ló gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wọlé.

Ẹni tí mo ń wò

Evelyn Glennie, onílù tó jẹ́ adití, ni. Scotland ni wọ́n ti bí i ní 1965, oko ló dàgbà sí ní Aberdeenshire, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó ń tẹ accordion níbi ijó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Nígbà tó fi pé méjìlá, ìró ṣì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò tó kó fi mọ ohun tí èèyàn ń sọ láìwo ẹnu rẹ̀. Olùkọ́ ìlù rẹ̀ nílé ìwé, Ron Forbes, ní kó gbé ọwọ́ lé ògiri yàrá orin. Òun á wá lu timpani méjì, ìyẹn àwọn ìlù ńlá oníkòkò bàbà, tí ohùn wọn yàtọ̀ síra. Ọmọ náà á sọ ibi tó ti gbọ́ ọ lára. Nígbà tó yá, kò nílò ògiri mọ́. Ó ní ohùn ìsàlẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ òun, ohùn òkè sì wà láwọn ibì kan ní ojú, ọrùn àti àyà.

Ó lọ sí Royal Academy of Music ní London, ó gba Grammy ní 1989, òun ló sì ṣáájú àwọn onílù níbi ayẹyẹ ìṣíde Òlíńpíìkì 2012 ní London. Ẹsẹ̀ lásán ló sábà máa ń fi dúró bó bá ń lùlù. Mo ti rí àwọn tó rò pé fáàrí ni. Bí ẹ bá ti ṣe ìgbésẹ̀ kìíní tán, kò ní jọ yín bíi fáàrí mọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ilẹ̀ tó ń fèsì

Ilé tiwa ò ràn wá lọ́wọ́ níbí. Kọnkéré tó jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, tí wọ́n tún wá fi táìsì bò, á gbé ìró mì, kò ní dá a padà. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ lé e, ẹ óò rò pé orin ti parí.

Ẹ lọ bá káfíńtà. Ẹ ní kó gé plywood ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin, èyí tó nípọn tó ìdajì íǹṣì, kó kàn án mọ́ orí igi gbọọrọ mẹ́ta, kí àyè lè wà lábẹ́ rẹ̀ bíi ti inú ìlù. Kó má fi fóòmù tàbí rọ́bà sáàárín pákó àti igi. Ó fẹ́ fi rọ́bà sí tèmi kó má baà dún, mo ní kó jọ̀ọ́, torí kó lè dún ni mo ṣe wá.

Ẹ gbé sípíkà lé orí pákó náà gan-an, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kàn án. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ dúró sórí pákó. Ẹ fi orin tí béèsì rẹ̀ hàn sí i, ẹ má yí i sókè ju ibi tí àwọn ará ilé ti lè jókòó tì í lọ. Ìró tó ń gba inú afẹ́fẹ́ bọ̀ máa ń padà sẹ́yìn bó bá dé ara, díẹ̀ ló ń wọlé. Èyí tó ti inú igi bọ́ sí egungun ló ń wọlé dáadáa. Ẹni tó gbé sípíkà sórí tábìlì tó wá ń yí i sókè ṣáá, ajọ̀ ló fi ń gbe òjò.

Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ tẹ orúnkún yín díẹ̀. Ẹni tó bá na ẹsẹ̀ gan-an bí ọ̀pá àsíá kì í tètè gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya àwòrán ara yín

Ìgbésẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fò nìyí, òun sì ni gbogbo ìyókù dúró lé. Ẹ mú bébà, ẹ ya èèyàn sí i, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ wá áàpù tó ń gbé ohùn kan ṣoṣo jáde sórí fóònù yín, irú èyí tó ń jẹ́ tone generator, kí ẹ so ó mọ́ sípíkà. Sípíkà inú fóònù kò lè mú ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ẹ má dá ara yín lágara pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 40 Hz. Ẹ di ojú, kí ẹ dúró fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ogún, ẹ pa á, ẹ sàmì sí ibi tó ti dún lára yín. Ẹ lọ sí 60, 80, 120, 200, 300, 500. Ẹ sinmi láàárín méjì, torí pé awọ ara máa ń mọ́ ọn lára: bí ohùn kan náà bá pẹ́ jù, ara á kú sí i, ẹ óò wá rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá tutù, ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́ fọ̀ ọ́.

Lórí àwòrán tèmi, 40 wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó jọ ìgbà tí tírélà bá kọjá níwájú ilé. 80 wà ní orúnkún. 120 wà ní ìdí àti ìsàlẹ̀ ikùn. 200 bọ́ sí egungun àyà. Láti 300 lọ, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àti orí ìka ni. Ẹ má da tèmi kọ. Mo kọ́ ọkùnrin kan tí 120 tirẹ̀ wà ní èjìká ọ̀tún, níbi tó ti ṣẹ́ rí, kò sì kúrò níbẹ̀.

Ẹ ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa tẹ̀ ẹ́ fún yín láìsọ èyí tó tẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ tọ́ka sí i lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé 80 fún 120, tí mo ń gbé 120 fún 80. Ní ọjọ́ kan ṣá, mo kàn dédé mọ̀ wọ́n yàtọ̀, bí èèyàn ṣe ń dá ìbejì mọ̀ lẹ́yìn tó ti bá wọn gbé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bàlúùnù

Bàlúùnù tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ níbi ọjọ́ ìbí ni mo ń sọ. Ẹ fẹ́ ẹ kó le, ẹ fi orí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbé e síwájú àyà, ẹ má fún un. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gba ohun tó wà níta, awọ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á sì gbé e lé yín lọ́wọ́. Ó wúlò fún ohùn èèyàn tó ń kọrin nítòsí, èyí tí pákó kì í gbé dáadáa.

Mo fi ọ̀kan lé ọmọbìnrin kan lọ́wọ́, ọmọ ọdún méje, adití láti inú oyún. Mo lu ìyáàlù lẹ́ẹ̀mẹta, mo fọwọ́ bi í pé níbo? Mo ti ń retí kó nawọ́ sókè. Ó ronú, ó gbé ẹnu lé bàlúùnù náà, ó ní kí n tún un lù. Mo lù ú. Ó bá fi ìka tọ́ka sí eyín rẹ̀ méjì òkè. Mo ti ń lu ìlù fún ọdún mọ́kànlá nígbà yẹn, n kò gbé nǹkan kan sí eyín rí. Mo dán an wò lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú igi tín-ín-rín kan: mo fi eyín di orí rẹ̀ kan mú, mo fi ìdí kejì kan ara dùùrù. Ohùn tí n kò gbọ́ ní ìka mọ́ wà nínú agbárí mi gbangba. Ẹ dán an wò, ṣùgbọ́n kí ẹ fọ igi náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìlù tí ẹ ó mú

Gúdúgúdú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọrùn ló ń gbé kọ́, ikùn ló ń dúró lé, nítorí náà inú yín ló ti ń dún kó tó dún níta. Ohùn kan ló ní, kò ní dà yín láàmú. Agídìgbo náà dára púpọ̀, torí pé àpótí rẹ̀ jókòó lé itan tàbí kó fẹ̀yìn ti àyà. Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o. Èmi á fi kún un pé itan ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n.

Ìyáàlù ló ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé mo ń lù. "Báwo ni adití ṣe ń lu ìlù tó ń sọ̀rọ̀?" Èmi ò rí ohun tó ya wọ́n lẹ́nu. Ìlù yìí ló rọrùn fún ẹni tí kò fi etí gbọ́ ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé ohùn rẹ̀ wà lọ́wọ́. Bí ẹ bá dẹ ọ̀sán, ìyẹn okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, dò ni. Bí ẹ bá fà á dé àárín, re ni. Bí ẹ bá fún un pinpin, mí ni. Apá òsì yín mọ ohùn náà kí kọ̀ǹgọ́ tó balẹ̀. Ṣaworo etí ìlù ni n kì í gbọ́ lára. Ojú ni mo fi ń gbọ́ ìyẹn, bó ṣe ń mì.

Iṣẹ́ tí mo máa ń fún àwọn tó ń kọ́ lọ́dọ̀ mi rèé. Ẹ lu ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Re re. Re mí. Re dò. Dò dò. Kí ẹnì kan tó ń fi etí gbọ́ jókòó kó kọ̀yìn sí yín, kó máa kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀: ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù. Bí ẹ bá lu ọkọ́ tó kọ ọkọ, ẹ kò fún ọ̀sán tó. Bí ọkọ̀ bá di ọ̀kọ̀, ẹ ti dẹ ẹ́ kó tó yẹ. Ẹ má bínú bó bá ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ló ń bá mi ṣe é. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń ní kí ìyàwó gbé ọkọ rẹ̀ kọ́ èjìká lọ sóko.

Ẹni tí wọ́n bí ní adití tí kò gbọ́ ohùn Yorùbá rí lè má mọ ohun tí re àti dò jẹ́ nínú ọ̀rọ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ yín lórí ọ̀sán, kó máa bá yín fún un, kó máa bá yín dẹ ẹ́. Ìtumọ̀ lè tẹ̀lé e bó bá yá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìdíwọ̀n

Áàpù metronome, ìyẹn èyí tó ń ka ìlù ní ìwọ̀n kan náà, wà tó ń mú kí fóònù gbọ̀n dípò kó dún. Ẹ ki fóònù bọ abẹ́ bẹ́líìtì, sí ibi egungun ìdí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 60 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ má kọjá 90 kó tó pé oṣù kan. Lẹ́yìn náà, ẹ máa pa á fún ìgbà díẹ̀ láàárín ìlù, kí ẹ tún tàn án, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì wà níbi tó wà. Kò sí àbùjá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́

Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 1824, ní Vienna, wọ́n kọ́kọ́ gbé sínfóńì kẹsàn-án (orin gígùn fún ẹgbẹ́ olórin ńlá) tí Beethoven, gbajúmọ̀ akọ̀wé orin, kọ jáde. Adití ni Beethoven nígbà náà. Ó dúró síwájú, ó ń juwọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún àwọn olórin pé Michael Umlauf, adarí orin, ni kí wọ́n máa wò. Lẹ́yìn tí orin parí, ó ṣì kọ̀yìn sí àwọn èèyàn, àfi ìgbà tí Caroline Unger, ọ̀kan lára àwọn akọrin, yí i padà kó lè rí bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́. Àwọn kan máa ń fi ìtàn yìí mú omi bọ́ lójú. Inú èmi kì í dùn sí i. Gbogbo ẹgbẹ́ ti jọ sọ ọ̀rọ̀ tán láìbá a sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tí wọ́n yàn láti fọwọ́ kàn án bí orin bá parí.

Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó gun pèpéle. Ẹ bá wọn ṣàdéhùn àmì mẹ́rin péré: a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ti yára jù, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó parí. Ojú ni kó ti máa wá, tàbí èjìká, nítorí pé ọwọ́ onílù kì í ráàyè. Ẹ má jókòó ní ìlà. Ẹ ṣe é bí àbọ̀ òṣùpá kí ẹ lè rí ojú onílù àgbà. Bí pèpéle bá jẹ́ pákó, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí béèsì, ẹsẹ̀ lásán. Bó bá jẹ́ kọnkéré, ẹ gbé pákó tí káfíńtà kàn fún yín dání. Tèmi ti wọ búùtù ọkọ̀ ju bàtà mi lọ.

Ẹ wo ẹni tó ń lu ìlù dáadáa kí ẹ mọ ìgbà tó ń mí. Onílù kì í yí ìlù padà láìkọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ símú. Èjìká rẹ̀ á gòkè díẹ̀. Ìyẹn gan-an ni àmì tó dára jù, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í mọ̀ pé òun ń fún yín.

Etí tó kù

Púpọ̀ nínú àwa adití ló ṣì ní ìgbọ́ràn díẹ̀ tó ṣẹ́kù. Ẹ ṣọ́ ọ. Mo ti fi tèmi ṣòfò. Níbi òkú kan, mo jókòó ti sípíkà tó ga jù mí lọ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, torí pé àyà mi ń gbà á, ó sì dùn mọ́ mi. Etí mi hó fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó dákẹ́, ohùn agogo tí mo ti ń gbọ́ fírífírí ní etí òsì kò sí mọ́. Kò sẹ́ni tó tì mí síbẹ̀.

Ìwọ̀n tí NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ààbò òṣìṣẹ́, dámọ̀ràn ni dẹ́síbẹ́lì (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe le tó) 85 fún wákàtí mẹ́jọ. Bí ó bá ti fi 3 lé sí i, kí ẹ gé àkókò náà sí méjì. Ní 88, wákàtí mẹ́rin. Ní 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Fóònù lè wọ̀n ọ́n fún yín, kò ní pé pérépéré, ṣùgbọ́n á tó kìlọ̀. Ẹ ki ìdíhò bọ etí bí ẹ bá wà nítòsí sípíkà ńlá. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín pé kí ni adití ń dí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Ìlù á ṣì máa wọlé láti ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀

Kò sí ìwé òyìnbó tó máa sọ èyí fún yín. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń fi epo bẹtiróòlù ṣiṣẹ́ ń yí nǹkan bí 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn jẹ́ 50 Hz, ó sì bọ́ sáàárín béèsì gan-an. Bó bá jókòó lórí kọnkéré kan náà pẹ̀lú pèpéle, ó lè gba àtẹ́lẹsẹ̀ yín tán. Àwọn elétí kò ní mọ ohun tó ń ṣe yín, torí pé òde ni ariwo tiwọn wà.

Ẹ tètè débẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ náà, kí ẹ dúró sí ibi tí ẹ fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ lásán. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ bẹ onílé pé kó gbé e kúrò lórí kọnkéré sórí iyẹ̀pẹ̀, tàbí kó fi táyà ògbólógbòó méjì sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí onílù àgbà lu dò kan fún yín, kó dúró, kó lu mí kan. Bí àwọn méjèèjì bá bọ́ sí ibi tí ẹ kọ wọ́n sí lórí àwòrán, ẹ gbé ìlù kọ́rùn.